Ta ló yẹ kó darí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ róbọ́ọ̀tì, ta sì ló yẹ kó jẹ́ agbaninímọ̀ràn?

Ọwọ́_Irin béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

Ilé-iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti yàrá ìwádìí yunifásítì. Sẹ́ńsọ̀ agbára ni wọ́n ń ṣe, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ róbọ́ọ̀tì kó lè mọ bí òun ṣe ń ti nǹkan àti bí òun ṣe ń lọ́ ọ, ní ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà (mẹ́ta fún títì, mẹ́ta fún lílọ́). Nǹkan bí 40 ló ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Olùdásílẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ìmọ̀ náà, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń ṣe sákíìtì àti firmware (ètò kọ̀ǹpútà inú sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀), àti ẹnì kẹta tó ń wá oníbàárà. Olùdókòwò kan ní kí wọ́n kó orúkọ àwọn aṣáájú àti àwọn agbaninímọ̀ràn wọn wá kí òun tó tú owó sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó rè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ jẹ́ CEO (ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́), kò sì fẹ́ fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀. Ẹnì kẹta náà ti kó orúkọ èèyàn ńlá méje jọ, ó ní kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1% ìpín ilé-iṣẹ́, kí wọ́n sì to fọ́tò wọn sójú ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó bójú mu kí ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ CEO? Agbaninímọ̀ràn mélòó ló tó, kí ni kí wọ́n máa ṣe, ìpín tó tó èló ló sì tọ́ sí wọn? Kí ló ya ìgbìmọ̀ olùdarí sọ́tọ̀ sí àwọn agbaninímọ̀ràn? Tí àga kan bá sì ṣófo nínú ètò yìí, ẹ bá mi tọ́ka sí i.

Òṣùwọ̀n_Pípé dáhùn:

Èyí tí ẹ fi kẹ́yìn ni màá fi ṣáájú. Nínú àwọn mẹ́ta tí ẹ dárúkọ, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ bá ti òní dọ́gba. Àga tó ṣófo nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ 40 tí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, ọ̀tọ̀ ni. Sẹ́ńsọ̀ 1,000 tí òṣìṣẹ́ tí kò ka ìwé fisíìsì kankan máa tò láì ṣì í ṣe, ọ̀tọ̀ pátápátá ni.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀. Irin kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ kó lè tẹ̀ ní ìwọ̀nba, tí wọ́n sì lẹ strain gauge (wáyà tín-ín-rín pẹlẹbẹ tó ń mọ bí irin ṣe nà tó) mọ́ ọn lára. Agbára bá ti dé, irin á tẹ̀, gauge á nà tàbí kó sún kì, ìdènà iná inú rẹ̀ á yí padà, sákíìtì á sì ka ìyípadà náà ní mílífóòtì péréte. Ohun tó ń ba irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ kì í sábà jẹ́ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n lè fi ìṣirò yanjú. Gọ́ọ̀mù ni, ooru ni, wáyà ni.

Gọ́ọ̀mù epoxy tí wọ́n fi ń lẹ gauge gbọ́dọ̀ gbẹ nínú ooru nígbà tí nǹkan ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú ohun tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún dá a padà sínú ooru tó ju èyí tí sẹ́ńsọ̀ máa bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń kánjú, ìgbésẹ̀ kejì yìí ló máa fò. Sẹ́ńsọ̀ náà á sì kọjá àyẹ̀wò ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ wá gbé ẹrù lé e lórí fún wákàtí kan, ẹ óò rí i tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yọ́ rìn. Ẹ gbé ẹrù kúrò, kò ní padà sí òdo.

Ooru burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aluminiọ́mù máa ń gbòòrò ní nǹkan bí ìdá 23 nínú mílíọ̀nù fún ìwọ̀n Celsius kan, irin líle ní nǹkan bí 11 tàbí 12. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe gauge fi ń ṣe èyí tó bá aluminiọ́mù mu lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ti irin lọ́tọ̀. Bí ẹni tó ń ra ọjà bá ra ti irin torí pé òun ló wà nílẹ̀, tí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ aluminiọ́mù, gauge á máa ka nǹkan bí 12 microstrain (ìyẹn nínà ìdá 12 nínú mílíọ̀nù) fún ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo. Kí ooru fi 20 lékè, ó ti di 240, bẹ́ẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ óò ní àfárá Wheatstone (sákíìtì ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ń so gauge mọ́) máa pa á rẹ́. Òótọ́ ni, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ bá gbóná dọ́gba. Lọ́rùn ọwọ́ róbọ́ọ̀tì, kì í gbóná dọ́gba: mọ́tò tó gbóná wà lápá kan, ohun èlò tó tutù wà lápá kejì.

Ní ti wáyà, ibi tó ti wọ inú sẹ́ńsọ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ kú, torí pé ibẹ̀ ló ń tẹ̀ nígbà gbogbo tí ọwọ́ bá yí. Kì í já pátápátá. Á lọ, á bọ̀, oníbàárà á sì fi gbogbo oṣù sọ pé firmware yín ni kò dáa.

Kalibréṣọ̀n ló wá kù, ìyẹn fífi ẹrù tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ ṣètò ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń kà. Mátíríìsì, ìyẹn tábìlì nọ́ńbà, tó ń sọ fóòtì iná di agbára ní nọ́ńbà 36 nínú, sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ẹrù mẹ́fà tó dojú kọ ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kéré jù láti rí i, àmọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ á lo púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á sì ya àwọn ẹrù kan sọ́tọ̀ tí kò fi ṣe ìṣirò rárá, kó lè fi wọ́n dán mátíríìsì wò. Ẹrù tí ẹ fi ṣe ìṣirò náà kọ́ ni ẹ máa fi ṣe ìdánwò. Nọ́ńbà tó bá ti ibẹ̀ jáde á kàn máa pọ́n yín lé ni.

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó máa jókòó sórí àga yìí, ẹ bi í pé nínú sẹ́ńsọ̀ 100, mélòó ló yẹ kó kọjá àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí á kọ́kọ́ bi yín padà: àyẹ̀wò wo, nínú ooru mélòó, ẹrù pẹ́ lórí rẹ̀ tó ìṣẹ́jú mélòó, ta ló sì yẹ òṣùwọ̀n tí ẹ fi wọn ẹrù náà wò gbẹ̀yìn?

Àdéhùn_Kíkọ dáhùn:

Ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni tèmi.

Kó má ṣe CEO nígbà tí yunifásítì ṣì ń san owó oṣù rẹ̀. Ti àkókò wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbà kí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ṣe iṣẹ́ ìta. Àmọ́ èyí tó le jù ni pé ilé-iṣẹ́ yìí máa bá yunifásítì dúnàádúrà lórí àyè láti lo páténtì, CEO ló sì máa ń ṣíwájú irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ẹni tó ń tà, òun náà ni ọ̀gá ẹni tó ń rà. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà lábẹ́ rẹ̀: bí ọ̀kan bá ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí, ta ló ni iṣẹ́ náà? Ẹ fi ṣe olórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ fún un ní àga kan nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, ẹ kọ iye wákàtí tó máa fún yín lóṣù sílẹ̀.

Kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sójú ìwé, ẹ wá gbogbo ìwé tí àwọn olùdásílẹ̀ ti fọwọ́ sí rí. Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó ń jáde láti yunifásítì yẹ kó mọ̀, yunifásítì Stanford àti ilé-iṣẹ́ oògùn Roche, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ní 2011. Olùwádìí kan ti fọwọ́ sí ìwé Stanford pé òun gbà láti fi ohun tí òun bá ṣàwárí fún wọn. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Cetus, wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé àlejò, ìwé yẹn sì sọ pé ó fi ẹ̀tọ́ náà fún Cetus lójú ẹsẹ̀. Ti Stanford jẹ́ ìlérí. Ti Cetus jẹ́ ìfifúnni. Roche, tó ra iṣẹ́ PCR (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ DNA di púpọ̀) lọ́wọ́ Cetus, ló wá rí ẹ̀tọ́ dì mú, ilé-ẹjọ́ sì sọ pé òfin Bayh-Dole ti 1980, tó wà fún àwárí tí wọ́n fi owó ìjọba Amẹ́ríkà ṣe, kò sọ ẹ̀tọ́ di ti yunifásítì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ìwé tiyín sọ pé ẹni náà *fi* ẹ̀tọ́ náà fún ilé-iṣẹ́ láti òní lọ. Ẹ má gba "máa fi".

Ọ̀fìn kan náà ni agbaninímọ̀ràn tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn lè jìn yín sí. Bí ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì ńlá, ó ṣeé ṣe kí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé ohun tó bá ronú kàn nínú ẹ̀ka yẹn, ti ọ̀gá rẹ̀ ni. Ìmọ̀ràn tó fún yín lọ́sàn-án lè di páténtì ẹlòmíràn lálẹ́. Ìwé àyè láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé.

Ní ti ìpín: 1% fún èèyàn méje jẹ́ 7%. Ẹ lè fi apá kan nínú ìyẹn gba olórí ìṣelọ́pọ̀ tí Òṣùwọ̀n_Pípé sọ, kó sì tún ṣẹ́kù. Àdéhùn FAST, ìwé àwòṣe láàárín olùdásílẹ̀ àti agbaninímọ̀ràn tí Founder Institute gbé jáde, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, 1% ni òkè téńté rẹ̀: èyí jẹ́ ti ògbógi tó ń ṣiṣẹ́ gan-an fún ilé-iṣẹ́ tó ṣì wà ní èrò lásán. Ẹni tó ń wá sí ìpàdé lóṣooṣù nìkan, 0.25% ni nígbà tí iṣẹ́ ṣì jẹ́ èrò, ó sì ń lọ sílẹ̀ sí 0.15% bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń dàgbà. Ọdún méjì ni ìpín náà fi ń di tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìdánwò: ẹni tó bá lọ kó tó pé, kò mú nǹkan kan lọ. Ti àwọn olùdásílẹ̀ fúnra wọn, ọdún mẹ́rin ló wọ́pọ̀, pẹ̀lú ọdún kan ìdánwò. Àwọn olùdásílẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Olùdókòwò máa béèrè rẹ̀ lọ́nàkọnà.

Ìgbìmọ̀ olùdarí àti agbaninímọ̀ràn kò jọra rárá. Olùdarí ní ìbò, òfin sì mú un pé ire ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ wá. Ó lè gba CEO, ó lè lé e. Agbaninímọ̀ràn kò ní ìbò, ẹ sì lè má tẹ̀ lé ohun tó sọ. Ẹ wo Velodyne. David Hall dá a sílẹ̀ ní 1983 fún ẹ̀rọ ohùn, lẹ́yìn ìdíje ọkọ̀ aláìláwakọ̀ tí DARPA, àjọ ìwádìí ológun Amẹ́ríkà, ṣe ní 2005 ló wá di ilé-iṣẹ́ lidar (sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó) tí gbogbo ayé mọ̀. Ó wọ ọjà ìpín ní oṣù kẹsàn-án 2020. Ní oṣù kejì 2021, ìgbìmọ̀ olùdarí yọ Hall kúrò ní ipò alága, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Nínú ọdún kan náà CEO lọ, òmíràn dé, nígbà tó sì di oṣù kejì 2023 Velodyne ti parapọ̀ mọ́ Ouster, ilé-iṣẹ́ lidar mìíràn. Ìgbìmọ̀ olùdarí ló lágbára tó báyẹn. Nítorí náà ẹ má fi àga ibẹ̀ dá ẹnikẹ́ni lọ́lá. Èèyàn mẹ́ta tó ní ìbẹ̀rẹ̀: olùdásílẹ̀ méjì, olùdókòwò kan. Tó bá di márùn-ún, kí ẹni kan ó kéré tán má jẹ́ ti apá ibì kankan.

Ìmọ́lẹ̀_Lésà dáhùn:

Ibì kan wà tí mi ò ti bá Òṣùwọ̀n_Pípé lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ní sẹ́ńsọ̀ 40 kò lè sanwó olórí ìṣelọ́pọ̀ tó ti ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye rí, ẹni náà gan-an ò sì ní rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ gba ẹni tó mọ òdiwọ̀n ná, kó kọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe kalibréṣọ̀n, kó kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ mìíràn máa bá yín gé irin, kí wọ́n máa to sákíìtì. Àmọ́ lílẹ gauge àti kalibréṣọ̀n, ẹ má jẹ́ kó kúrò nílé, torí ibẹ̀ ni ọrọ̀ yín wà.

Lórí CEO, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí pọ̀ tí ẹ lè wò. Mobileye, tó ń ṣe ẹ̀rọ kámẹ́rà tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́: Amnon Shashua, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Hebrew University, dá a sílẹ̀ ní 1999 pẹ̀lú Ziv Aviram. Aviram ni CEO, ọ̀jọ̀gbọ́n di ìmọ̀-ẹ̀rọ mú. Lẹ́yìn tí Intel rà á ní 2017, ní bílíọ̀nù 15.3 dọ́là, ni Shashua tó wá di CEO. GelSight, tó ń fi kámẹ́rà wo gẹ́ẹ̀lì rírọ̀ kó lè mọ ohun tó fọwọ́ kàn, jáde láti ọ̀dọ̀ Edward Adelson ní MIT ní 2011. Adelson kò fi iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ torí rẹ̀, ẹlòmíràn ló ṣe CEO.

Èyí tó jọ tiyín jù ni OptoForce ti Họ́ńgárì, torí sẹ́ńsọ̀ agbára ọ̀nà mẹ́fà ni àwọn náà ń ṣe. Ní 2018 ó parapọ̀ mọ́ On Robot ti Denmark àti Perception Robotics ti Amẹ́ríkà, ó di OnRobot, Enrico Krog Iversen sì ni CEO nígbà náà. Ẹni yìí ti jẹ́ CEO Universal Robots, ilé-iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì ti Denmark, rí. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe ìmọ̀ sẹ́ńsọ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé wá, bí kò ṣe pé ó mọ àwọn tó ń pín róbọ́ọ̀tì kiri, ó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ lórí ọjà, ó mọ ìdí tí wọ́n fi máa gbé ọjà kan sórí pẹpẹ tí wọ́n máa fi òmíràn sílẹ̀. Keyence, ilé-iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ ti Japan tí Takemitsu Takizaki dá sílẹ̀ ní 1974, gba ọ̀nà òdìkejì: tààrà ló ń tà fún oníbàárà, àwọn tó ń tajà fún un sì lè jókòó ti ẹ̀rọ kí wọ́n tò ó. Ọ̀nà méjèèjì ṣiṣẹ́. Ẹ yan ọ̀kan kí ẹ tó yan CEO.

Ẹ tún rántí pé ìmọ̀ ní ẹsẹ̀. Angus Pacala àti Mark Frichtl kúrò ní Quanergy, ilé-iṣẹ́ lidar kan, wọ́n dá Ouster sílẹ̀ ní 2015. Quanergy wọ ilé-ẹjọ́ ìgbèsè ní ìparí 2022. Mi ò sọ pé èyí ló fa ìyẹn o. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yẹn nìkan ló mọ firmware yín, òun ni àga tó ṣeyebíye jù, ọ̀jọ̀gbọ́n ìbáà lókìkí tó báwo.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, ọ̀ràn ààbò. Bí oníbàárà bá kàn fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ yín mọ̀ bóyá kọ́ọ̀kì ti wọ ihò, ẹ máa lọ. Bó bá fẹ́ kí nọ́ńbà tiyín dá róbọ́ọ̀tì dúró nígbà tó bá kan èèyàn, ẹ ti wọ ilé mìíràn nìyẹn. Ohun tí wọ́n sábà ń béèrè níbẹ̀ ni ìpele ààbò tí wọ́n ń pè ní PL d, Category 3, lábẹ́ ISO 13849-1, ìlànà àgbáyé lórí ààbò ẹ̀rọ: àbùkù kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ mú ààbò lọ, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀nà méjì tó ń ka agbára kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì. Ẹ ò lè fi firmware pọ̀ ọ́ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tí kò bá sí nínú àwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọ ISO 13849 àti IEC 61508 (ìlànà ààbò fún ẹ̀rọ oníná) yẹ kó rí àwòrán kí ẹ tó tẹ bọ́ọ̀dù tuntun. Kó má sì jẹ́ òṣìṣẹ́ àjọ tó máa fún yín ní ìwé-ẹ̀rí lẹ́yìn ọ̀la. Ẹni tó ń yẹ̀ yín wò kò lè jẹ́ agbaninímọ̀ràn yín.

Ọwọ́_Irin:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ti yé mi pé méje pọ̀ jù. Ìbéèrè kékeré méjì ló kù. Tí wọ́n bá mú un wá sí mẹ́ta, àwọn wo ni? Báwo ni wọ́n sì ṣe máa lò wọ́n lóṣooṣù kó má di ìpàdé tí gbogbo èèyàn kàn ń yin ara wọn? Ọ̀rẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni mẹ́rin nínú àwọn méje náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo wọn.

Òṣùwọ̀n_Pípé:

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti tó nínú ilé-iṣẹ́ yìí, ó sì ti wà nínú ilé. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè dáhùn, òun náà lè dáhùn rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí màá wá ni ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to róbọ́ọ̀tì sí ilé-iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Ẹ fún un ní sẹ́ńsọ̀ kan àti ìwé ìlò, kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́, kí ẹ jókòó máa kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ẹ óò ti mọ bóyá ihò bóòtì yín bá flange róbọ́ọ̀tì (ojú irin tí wọ́n ń de nǹkan mọ́ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀) mu. Ní ọ̀pọ̀ róbọ́ọ̀tì kékeré, ISO 9409-1-50-4-M6 ni: bóòtì M6 mẹ́rin lórí òbìrípo 50 mm. Ẹ óò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó di bóòtì: bí ojú irin tí wọ́n dè é mọ́ kò bá tẹ́jú, tàbí tó di ọ̀kan le ju ìyókù lọ, sẹ́ńsọ̀ á ti tẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òdo rẹ̀ á sì ti sún. Ó yẹ kí ìwé ìlò sọ bóòtì tí wọ́n á kọ́kọ́ dì, èyí tó tẹ̀ lé e, àti bó ṣe máa le tó ní Nm (ìwọ̀n agbára lílọ́). Ẹ óò tún gbọ́ ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ní yàrá ìwádìí: tí róbọ́ọ̀tì bá forí gbá nǹkan, kí ló máa dá irin inú sẹ́ńsọ̀ dúró kó má bàa tẹ̀ kọjá ibi tó lè padà? Bí kò bá sí ìdènà kankan nínú ẹ̀, ìforígbárí ẹyọ kan ti tó láti sọ ọ́ di pàǹtírí.

Ẹnì kejì, ẹni tó mọ gọ́ọ̀mù, irin àti òdiwọ̀n, tó ti rí sẹ́ńsọ̀ tó padà wá látọ̀dọ̀ oníbàárà. Òun ni kí ẹ máa kó èyí tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí. Èyí tó dáa kò ní nǹkan láti kọ́ ọ.

Ẹnì kẹta dá lórí ọjà tí ẹ yàn. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wọ ọ̀nà ààbò, ẹni tí Ìmọ́lẹ̀_Lésà sọ ni. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ bí àwọn olùpín róbọ́ọ̀tì ṣe ń rajà, kó lè sọ fún yín bóyá kí ẹ kọ URCap (àfikún ètò fún róbọ́ọ̀tì Universal Robots) kọ́kọ́ ni, tàbí EtherCAT (ọ̀nà tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀), tàbí ROS 2 (ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún róbọ́ọ̀tì). Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á pa ẹni kan ṣoṣo tó ń kọ firmware.

Lórí ìpàdé: ẹ má pè wọ́n jọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wákàtí kan, ìbéèrè kan. Ojú ìwé méjì kó dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, pẹ̀lú dátà gan-an, kì í ṣe àwòrán tí wọ́n ti fọ̀ mọ́. Bí àpẹẹrẹ: "Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta rè é. A gbé wọn láti 20°C dé 45°C, òdo èyí àárín sún ní ìlọ́po mẹ́rin ti ìyókù. Kí lẹ máa kọ́kọ́ tú wò?" Ẹni tó bá dáhùn pé kí ẹ fi software ṣàtúnṣe rẹ̀ kó tó bi yín bóyá gauge àárín ti ṣí létí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe kí oṣù mẹ́ta ìdánwò tó pé.

Àdéhùn_Kíkọ:

Àfikún díẹ̀ lórí ìwé tí olùdókòwò ń retí. Ẹ kọ aṣáájú mẹ́ta tó wà, kí ẹ sì kọ àga kẹrin síbẹ̀ pé ó ṣófo, pẹ̀lú oṣù tí ẹ fẹ́ fi gba èèyàn sí i àti iye ìpín tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún un. Àga tí ẹ fúnra yín sọ pé ó ṣófo kì í dẹ́rù ba olùdókòwò tó mọ iṣẹ́ yìí tó èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá rí.

Lábẹ́ orúkọ agbaninímọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta péré: ìbéèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀, wákàtí tó ń fún yín lóṣù, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti bóyá wọ́n ti fún un láyè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tó gbà ní ọdún gbọọrọ sẹ́yìn sílẹ̀.

Olùdókòwò máa pè wọ́n lórí fóònù, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú. Agbaninímọ̀ràn tí kò lè sọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ yín ń wọ̀n á bà yín jẹ́ ju pé kò sí lọ. Kí ẹ sì tó gbé orúkọ tàbí fọ́tò ẹnikẹ́ni síta, kó ti fọwọ́ sí ìwé tó ní ọjọ́ tí ìpín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìfifúnni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọpọlọ, àṣírí, àti gbólóhùn tó fún ilé-iṣẹ́ láyè láti lo orúkọ rẹ̀ àti láti yọ ọ́ kúrò ní ọjọ́ tó bá lọ. Nínú àwọn méje yẹn, ẹ kọ́kọ́ ṣèwádìí iye wọn tó mọ̀ pé orúkọ wọn ti wà lórí ìwé.